LÁTI ILÉ ÌKÓWÈÉSÍ DÉ ILÉ ÀJỌKÀ

Ìtàn Kúkúrú Nípa Ilé Ìkàwé, fún Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ẹgbẹ́ Wa

 

Ìtàn ilé ìkàwé ni wọ́n ní kí n kọ sínú ìwé ètò ọdún yìí. Gbogbo wa la sì mọ ìdí tí wọ́n fi yan ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ wa ti pinnu láti kọ́ ilé ìkàwé sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ wa ń lọ níbí ní Kàdúná. Owó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àwòrán ilé náà sì ti dé iwájú ìpàdé. Mo wò ó dáadáa. Yàrá gbọọrọ kan ni, pẹpẹ ìwé yí ògiri rẹ̀ ká, ogójì tábìlì kéékèèké tò ní ìlà pẹ̀lú àga wọn, gbogbo wọn kọjú sí ibi tí olùtọ́jú ìwé yóò jókòó sí. Lókè ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Ẹ DÁKẸ́.

Ilé tó dára ni. Ìgbìmọ̀ wa sì ṣe iṣẹ́ ńlá, mo kí wọn kú làálàá. Ṣùgbọ́n kí a tó ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́, mo fẹ́ kí a mọ ibi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wá, àti ìdí tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ fi ti ń yí i padà.

ORÚKỌ TÍ A FÚN ILÉ NÁÀ

Orúkọ méjì ni àwa Yorùbá sábà máa ń pe ilé yìí. Àwọn kan ń pè é ní ilé ìkówèésí, àwọn mìíràn ń pè é ní ilé ìkàwé. Orúkọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ti ìwé: ibi tí a ń kó o sí. Èkejì ń sọ ti ènìyàn: ibi tí ó ti ń kà á. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ìlú yìí ń pe tiwọn ní ɗakin karatu, yàrá ìkàwé nìyẹn. Ṣùgbọ́n karatu tí wọ́n ń wí kò mọ sórí kí ènìyàn máa wo ìwé, ó kan ẹ̀kọ́ kíkọ́ pàápàá.

Bí a bá wo ìtàn ilé yìí káàkiri ayé, ìrìn láti orúkọ àkọ́kọ́ bọ́ sí èkejì ni. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìrìn náà ti ń bọ́ sí orúkọ kẹta tí a kò tíì fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Èmi ní tèmi ń pè é ní ilé àjọkà: ibi tí ènìyàn méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti lè jọ dojú kọ ìwé kan, kí wọ́n sì jọ yanjú rẹ̀.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N Ń FI ṢÉÈNÌ DE ÌWÉ

Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ilẹ̀ Yúróòpù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ. Ìwé kan ṣoṣo lè gba akọ̀wé ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ wọn fi máa ń fi ṣéènì so ìwé mọ́ pẹpẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Irú rẹ̀ ṣì wà nínú kàtídírà ìlú Hereford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ènìyàn lè fojú rí. Ilé ìkówèésí gidi nìyẹn: ìwé ni onílé, ènìyàn ni àlejò.

Ní ọdún 1857, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn ìkàwé rìbìtì ti British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Antonio Panizzi, ará Ítálì tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ló ronú rẹ̀. Sydney Smirke ló ya àwòrán rẹ̀. Òrùlé rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 140 ẹsẹ̀ bàtà. Àárín gan-an ni tábìlì àwọn alábòójútó wà. Tábìlì àwọn tó ń kàwé tàn yí i ká bí sípóòkù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó jókòó láàárín lè rí gbogbo ènìyàn. Olúkúlùkù dá jókòó, olúkúlùkù dákẹ́. Wọn kò fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Àgbà ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀, ìwádìí tí ẹnì kan ń ṣe kò kan ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹnì kan lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn láàmú. Ìdákẹ́jẹ́ bá iṣẹ́ wọn mu.

Irú èrò yìí ni ìjọba amúnisìn gbé wá bá wa. Nígbà tí wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà dá Lagos Library sílẹ̀ ní 1932, ẹni tó bá san owó ìdára-pọ̀ ló ń lò ó, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa wò ó, wọ́n sì gbà pé bí ilé ìkàwé ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ kí ilé yẹn tó dé? Ní ilé kéú, àwọn ọmọ a jókòó yí alùfáà ká, olúkúlùkù pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́, wọ́n á máa ké e sókè, èyí tó ti jìnnà nínú ẹ̀kọ́ á máa tún ti àbúrò rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ awo kì í dá nìkan kọ́ ọ: ó ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá, ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀, bó bá sì ṣì í sọ láwùjọ, wọ́n á tún un ṣe fún un. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A mọ iyì ìdákẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n a kò fi ṣe òfin ẹ̀kọ́.

ÌBÀDÀN, IFẸ̀ ÀTI ZÁRÍÀ

Ní 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ọsibítù nígbà ogun. John Harris tó wá láti New Zealand ni ọ̀gá ilé ìkàwé wọn àkọ́kọ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni ìwé Henry Carr, ọmọ Èkó, ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ẹni tó kú ní 1945. Ẹnì kan ṣoṣo ló kó nǹkan bí 18,000 ìwé jọ sí ilé ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ni wọ́n ya àwòrán ilé ìkàwé tuntun náà, èyí tí wọ́n kọ́ ní àárín àwọn ọdún 1950, tí a mọ̀ sí Kenneth Dike Library lónìí. Tọkọtaya yìí ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kọ ìwé ní 1956 lórí bí a ṣe ń kọ́lé sí ilẹ̀ olóoru. Wọ́n mọ̀ pé ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá ìwé àti òǹkàwé níbẹ̀. Nítorí náà wọ́n mú ilé náà gùn, wọ́n sì mú un tẹ́ẹ́rẹ́, kí atẹ́gùn lè gba ìhà kan wọlé kí ó sì gba ìhà kejì jáde. Wọ́n fi ìgànná kọnkéré tó ní ihò wẹ́wẹ́ bo ojú rẹ̀, kí oòrùn má baà ta sí ìwé tààrà, kí afẹ́fẹ́ sì máa rọ́nà kọjá.

Ní Ifẹ̀, Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ló ya àwòrán ọgbà tí yunifásítì náà kó lọ ní 1967, nígbà tí Hezekiah Oluwasanmi, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé ibẹ̀, jẹ́ Gíwá. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ nípa èdè àti ìtàn níbẹ̀ á rántí pé ilé náà ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń ròkè, tó fi jẹ́ pé àjà òkè ló ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì máa dúró síbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyí bá oòrùn àti atẹ́gùn ilẹ̀ wa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn ìkàwé fúnra rẹ̀, òfin Lọ́ńdọ̀nù ni a ṣì ń tẹ̀ lé: dákẹ́, dá jókòó. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe? Wọ́n wá ilé àjọkà tiwọn sí ìta. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé ọgbà yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí mọ̀ ọ́n. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, abẹ́ igi á kún, kíláàsì tó ṣófo á kún lóru mọ́jú. Ẹni tó mọ ìṣirò á dúró níwájú pátákó, àwọn yòókù á yí i ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìjọba tó kọ́ wọn, kò sí ọ̀gá tó pàṣẹ fún wọn.

Nítòsí wa ní Záríà, ṣáájú kí Yunifásítì Ahmadu Bello tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan wà níbẹ̀. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, Zaria Art Society. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà lára wọn. Iṣẹ́ ọnà òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní kíláàsì. Nínú ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n ti ń bá ara wọn jíròrò bí wọn yóò ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ wọn. Igbo, Urhobo, Yorùbá, wọ́n jọ jókòó. Lónìí, a kò lè kọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà láìdárúkọ wọn.

ABÁDÍNÀ: ILÉ ÌKÀWÉ ỌMỌDÉ

Ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tó wà níbí mọ orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwún Ògúnṣẹ̀yẹ, tí a bí ní 1926. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní 1973, ẹ̀kọ́ nípa ilé ìkàwé sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí Cambridge, ó lọ sí Simmons ní Boston, ó sì padà wá sí Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1970, ó dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Abádínà, abúlé àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kò pè é ní ilé ìkówèésí. Abadina Media Resource Centre ni orúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìwé nìkan ni ọmọdé fi ń kẹ́kọ̀ọ́: àwòrán wà, ohun tí a ń gbọ́ wà, ohun tí a ń fọwọ́ ṣe wà. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùtọ́jú ìwé ní yunifásítì náà a sì máa lọ síbẹ̀ wo bí ọmọdé ṣe ń lo ilé ìkàwé. Ọmọ òṣìṣẹ́ lásán ni a fi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àṣà òyìnbó tuntun ni ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ ní kó lọ bi Abádínà léèrè.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ BERKELEY

Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Uri Treisman ń kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó wọlé pẹ̀lú èsì tó dára ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò ọdún àkọ́kọ́. Ó béèrè ìdí lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn kan ní wọn kò ní ìtara, àwọn kan ní òbí wọn kò kọbi ara sí ẹ̀kọ́. Treisman kò gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mú ogún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti ogún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìran wọn ti Ṣáínà wá, ó sì tẹ̀ lé wọn láti wo bí wọ́n ṣe ń kàwé.

Ohun tó rí nìyí. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò ya ọ̀lẹ rárá. Wọ́n ń ka ìwé ní wákàtí tí olùkọ́ ní kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ń dá kà á ni. Àwọn ọmọ Ṣáínà á dá ka tiwọn, lẹ́yìn náà wọ́n á pàdé, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á wo iṣẹ́ ara wọn, ẹni tó ṣì í á mọ ibi tó ti ṣì í kí ìdánwò tó dé. Treisman wá dá ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò fún wọn ní iṣẹ́ ọmọdé. Ìbéèrè tó le gan-an ló gbé síwájú wọn pé kí wọ́n jọ yanjú rẹ̀. Èsì wọn sì yí padà gidigidi.

Nígbàkígbà tí mo bá rántí ìtàn yìí, inú mi kì í dùn tán. Àwọn ọmọ tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ wa lọ ni wọ́n ń sọ pé wọn kò ní làákàyè. Ohun tí wọ́n nílò kò ju tábìlì kan tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó sí lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

ILÉ TÍ WỌ́N Ń KỌ́ LẸ́YÌN 1990

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wọ ilé ìkàwé, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé wọn tò. Yunifásítì Iowa ṣí irú rẹ̀ kan ní 1992, èyí tí wọ́n pè ní Information Arcade. Leavey Library ní Yunifásítì Southern California tẹ̀ lé e ní 1994. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn wá yá ìwé níbẹ̀ mọ́, wọ́n ń wá jọ ṣiṣẹ́. Ní Glasgow, ilẹ̀ Scotland, wọ́n ṣí Saltire Centre ní 2006. Ìsàlẹ̀ ilé yẹn dà bí ọjà: wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń jíròrò. Bí ènìyàn bá ṣe ń gun òkè sí i ni ariwo ń dínkù, títí yóò fi dé àjà òkè pátápátá níbi tí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ní 2007, Sheffield náà ṣí tiwọn, èyí tí àyè ìjókòó inú rẹ̀ lé ní 1,000.

Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò lé ìdákẹ́jẹ́ jáde. Wọ́n fún un ní yàrá tirẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn àgbà kan nínú ìpàdé sọ pé bí a bá gba ọ̀rọ̀ láyè, ilé ìkàwé á di ibi òfófó. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bákan náà, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn mẹ́fà, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lójúde, tẹlifíṣọ̀n ń ké nínú ilé. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kọ̀rọ̀ kan tó dákẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn ńlá. Ilé tó gba ọ̀rọ̀ láyè tí kò gba ìdákẹ́jẹ́ láyè kò tíì pé, bí ilé tó gba ìdákẹ́jẹ́ nìkan náà kò ti pé.

ILÉ TIWA

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ rèé, kò sì ní fi owó púpọ̀ kún ti tẹ́lẹ̀.

Èkíní, kí a má ṣe to gbogbo pẹpẹ ìwé mọ́ ògiri. Kí a fi díẹ̀ nínú wọn dábùú yàrá, kí ó pín in sí méjì. Ìwé tó kún pẹpẹ máa ń gbé ohùn mì. Kí apá ẹnu ọ̀nà jẹ́ ti àjọkà, kí apá inú lọ́hùn-ún jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́.

Èkejì, ní apá àjọkà, kí a ṣe tábìlì tí ènìyàn mẹ́rin lè yí ká, tí kò wúwo, tí àwọn ọmọ lè so pọ̀ tàbí kí wọ́n tú ká. Kí a gbé pátákó ìkọ̀wé méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ògiri, kí ó má jẹ́ ti olùkọ́ nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí a fa òrùlé síwájú kí a fi ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a mọ ìjókòó sí i. Abẹ́ igi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá lọ, àwa ni kí a gbé e wá sílé.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé náà na gbọọrọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà ba ìwé jẹ́. Ṣùgbọ́n a kò lè gbé ìgànná oníhò ti Ìbàdàn wá síbí bẹ́ẹ̀. Kàdúná ni a wà. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku rẹ̀ á bo gbogbo ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fèrèsé tó ṣeé ṣí, tó sì ṣeé tì pa dáadáa, ló bá wa mu. Kí a sì fi iná oòrùn sí i, kí ilé náà má baà kú nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: ènìyàn. Mo ti kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan rí tí ìwé rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ wà, a kì í sì í rí ẹni náà. Ikán ló ka ìwé wọ̀nyẹn tán. Kí a ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún olùtọ́jú ìwé tó kọ́ṣẹ́, kí ilé náà ṣí lẹ́yìn ilé ìwé àti ní Sátidé. Kí àwọn ọmọ kíláàsì òkè máa bá ti ìsàlẹ̀ jókòó. Kí àwa náà máa yọjú: nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnjiníà, oníṣòwò tó mọ ìṣirò lórí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Gbogbo wa la rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí ní ọdún 2000 àti 2002. Lẹ́yìn ìjà yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n bí wọn sí. Mùsùlùmí pọ̀ sí ìhà kan odò, Kristẹni pọ̀ sí ìhà kejì. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú wọn kò tíì jókòó ti ọmọ ìhà kejì rí. Àwa Yorùbá wà ní ìhà méjèèjì, Mùsùlùmí àti Kristẹni ń jẹun pọ̀ nínú agboolé wa. Bí ilé ìkàwé wa bá jẹ́ ogójì àga tí ẹnì kan kò bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ náà á wọlé ní àjèjì, wọ́n á sì jáde ní àjèjì. Ṣùgbọ́n bí Músá, Chídì, Títílayọ̀ àti Làtí bá jọ yanjú ìṣirò kan lórí tábìlì kan, ohun tí wọ́n kọ́ ju ìṣirò lọ.

ÌKÁDÌÍ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ìkówèésí ń tọ́jú ìwé. Ilé ìkàwé ń tọ́jú òǹkàwé. Ilé àjọkà ń tọ́jú àwùjọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà lábẹ́ òrùlé kan bí a bá ya àwòrán rẹ̀ dáadáa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n gbé àwòrán náà padà sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn síbẹ̀, nítorí àwọn ni yóò lò ó. Ní ti àkọlé ẹnu ọ̀nà náà, kí a má pa á rẹ́. Kí a kàn gbé e wọ yàrá inú lọ́hùn-ún.

Kí Elédùmarè fún wa ní owó tí a ó fi parí rẹ̀, kí ó sì dá ẹ̀mí wa sí láti rí àwọn ọmọ tí yóò jókòó nínú rẹ̀. Àṣẹ.